Rọ́bà tí mo ṣe fúnra mi ń já, ọta rẹ̀ sì ń yà sọ́tùn-ún: ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ o

Àgbẹ̀_Kétu (Ọjọ́ Ajé, 7:12 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oko mi wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìlárá, kò jìnnà sí ìgboro Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo gbin àgbàdo lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kò tíì yọrí tán tí ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò fi ń hú u. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí ihò kéékèèké níbi tí mo ju èso sí gan-an, ó ń tò lọ bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí mò ń gbìn ín.

Mo ra àkàtàm̀pó kan lọ́jà, èyí tí wọ́n fi ń ta òkúta, ọjọ́ kẹta ló já. Mo wá ṣe tèmi. Mo gé pàlàkà gúáfà, mo gba tùúbù kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà, mo fi ahọ́n bàtà àtijọ́ ṣe awọ tó ń gba ọta. Mo gé okùn rọ́bà méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà 14, mo fi rúlà ọmọ mi wọ̀n ọ́n dáadáa. Síbẹ̀, ọ̀kan ti já lẹ́yìn ogún ọta péré, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Bí mo bá tún ta á, rọ́bà á na àtàǹpàkò mi títí tó fi wú. Ọta náà kì í sì í lọ síbi tí mo dojú rẹ̀ kọ. Ọ̀tún ló máa ń yà sí, ọ̀tún ṣáá. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà tí mo ṣà nínú iyanrìn àwọn tó ń kọ́lé ni mò ń lò.

Kí ni kí n pààrọ̀ nínú ẹ̀? Àbí ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n ta?

Táyà_Àjàṣẹ́ (7:40 alẹ́)

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ fún àtàǹpàkò. Ọ̀rọ̀ rọ́bà ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi, nítorí òun ni mò ń jẹ. Mo ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń lẹ táyà nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́.

Gbogbo tùúbù ló dúdú lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní bútílì. Kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jò, ìdí nìyẹn tí àwọn zémì, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni. Ẹ fà á kí ẹ tú u sílẹ̀, á máa wọ́ padà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi oje igi rọ́bà gidi ṣe. Ìyẹn máa ń jò díẹ̀díẹ̀, oníbàárà á máa sọ pé ọ̀sẹ̀ ò lè yí kí òun má fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Tùúbù tí oníbàárà ń bú yẹn, òun gan-an ni kí ẹ wá bẹ̀ mí fún. Bí ẹ bá fà á, pàá ló ń padà.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, ẹ má ṣe béèrè tùúbù kẹ̀kẹ́ tàbí tùúbù alùpùpù. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ fa mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò. Ẹ gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fà á, ẹ tú u, etí yín á sọ fún yín.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ: ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi kan kpayo, bẹntiróòlù inú ìgò, mú un. Bẹntiróòlù máa ń wọ inú rọ́bà, rọ́bà á wú, á sì rà. Níbi tiwa níbí, àwọn ìgò kpayo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tùúbù, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ọmọ_Ṣábẹ (7:58 alẹ́)

Òkúta bí ẹ̀wà kẹ̀? Abájọ tí rọ́bà fi ń nà yín. Ọta yín fúyẹ́ jù, kò gba agbára rọ́bà tán, èyí tó ṣẹ́kù ló ń padà sí yín lọ́wọ́. Ẹ wá òkúta tó tóbi tó bíì tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ìnàkúnà yẹn á dá.

Bàbá_Ọlọ́dẹ (8:31 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Kí a tó lọ jìnnà, ohun tí ẹ ń pè ní àkàtàm̀pó yìí kì í ṣe àkàtàm̀pó. Àkàtàm̀pó tí àwọn baba wa ń sọ ní ọrun àti igi ìdí, ọfà ló ń ta. Kànnàkànnà sì ni èyí tí wọ́n fi okùn hun, tí wọ́n ń fì lórí kí wọ́n tó ju òkúta. Eléyìí, rọ́bà là ń pè é. Àwọn ọmọ ilé ìwé tiyín ní lance-pierre. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí ẹ dì mú.

Pàlàkà gúáfà dára. Ti igi ọsàn dára jù ú lọ, ó le, kì í sì í ya. Ẹ wá èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì sanra bákan náà. Bí ọ̀kan bá sanra ju èkejì lọ, èyí tó tín-ín-rín á máa mì, ọta ò ní gbọ́ tiyín. Bí ẹ bá ti gé e, ẹ so orí méjèèjì pọ̀ díẹ̀ kí wọ́n rí bí ìwo màlúù, ẹ wá fi iná yan án. Alẹ́ ọjọ́ kan péré, ó ti gbẹ.

Káfíńtà_Ọ̀nà_Ìlárá (9:05 alẹ́)

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ yíyan yẹn ló ń ba igi àwọn ọmọ jẹ́. Omi wà nínú igi tútù. Bí iná bá kàn án, ara ìta á gbẹ, á sì sún kì, inú ṣì tutù, kò sún. Ìta ń fà, inú ń kọ̀, níbẹ̀ ni igi á ti là. Nígbà mìíràn ẹ ò ní rí i lóde. Ọjọ́ tí ẹ bá fà á tagbáratagbára ni apá kan á kán, ojú yín ló sì máa bọ́ sí.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: ẹ má bó èèpo rẹ̀. Ẹ yọ́ àbẹ́là sí ojú gbogbo ibi tí ẹ gé, nítorí ojú ibi gígé ni omi ti ń sáré jáde jù lọ, ibẹ̀ ni ìlà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má gbé e sórí páànù, ẹ má gbé e sí ìdí àdògán.

Bàbá_Ọlọ́dẹ (9:20 alẹ́)

Ọmọ mi, eérú gbígbóná ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe ẹ̀yinná. Èmi ti ṣe é kí wọ́n tó bí ọ.

Káfíńtà_Ọ̀nà_Ìlárá (9:26 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Eérú gbígbóná fún títẹ̀ ẹ, mo gbà. Igi tútù tó bá móoru máa ń gbọ́ràn, á tẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ so ó ní okùn, kó wá lọ gbẹ fúnra rẹ̀ níbòji. Títẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbẹ, ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Àgbẹ̀_Kétu (9:48 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ti òkúta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ, òkè òkúta ló yí yín ká, ẹ kàn máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ṣà á. Níhìn-ín, ilẹ̀ pupa ni wá. Ẹ lè kọ ebè láti àárọ̀ dalẹ́ kí ọkọ́ yín má dún lára òkúta kan. Ibo ni kí n ti rí òkúta bíì?

Ìyá_Ìbejì_Kétu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 àárọ̀)

Ẹ jí ire o. Ta ní sọ pé òkúta ló pọn dandan? Ọta amọ̀ ni àwa ń lò níbí láti ìgbà ọmọdé wa. Ẹ lọ sí ìdí òkìtì ọ̀gán, amọ̀ rẹ̀ ló dára jù, àwọn ikán ti bá yín kúnná rẹ̀ tán. Ẹ pò ó bí ẹ̀pà lílọ̀ tí a fẹ́ fi ṣe kúlíkúlí, kó má rọ̀ jù. Ẹ máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ kó rí roboto. Ẹ sá a sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn á là á. Àwọn ọmọ mi lè ṣe igba nírọ̀lẹ́ kan bí mo bá ṣèlérí àkàrà.

Ìwúlò rẹ̀ méjì ni. Ó rí roboto, kò dà bí òkúta onígun tó ń yí kiri lójú ọ̀run. Bó bá sì balẹ̀, á fọ́, òjò á sọ ọ́ di ilẹ̀ padà, kò ní kan ọkọ́ yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó gbọ́ bó ṣe fọ́ nítòsí rẹ̀ á sá gan-an, kò di dandan kí ẹ pa á kó tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Àbúrò mi ọkùnrin fa rọ́bà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Rọ́bà náà tú ní orí igi, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ. Ó padà wá sójú rẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ funfun títí di òní. Kò sí ẹni tó ta á, òun ló ta ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa yẹ ibi tí ẹ ti dì í wò láràárọ̀. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà kéékèèké bí irun lára rẹ̀, ẹ gé e dànù, ẹ má sọ pé yóò lo òní já. Jígí tí àwọn zémì ń dè nítorí eruku kò wọ́n, ẹ fi sójú.

Táyà_Àjàṣẹ́ (6:30 àárọ̀)

Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Calavi (1:15 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Ṣábẹ ni èmi náà, mò ń kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi. Mo fẹ́ ṣírò rọ́bà Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀, nítorí mo rò pé ìṣirò ló já a.

Ẹni tó bá na apá tó sì fa awọ dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, láti orí igi dé ẹnu rẹ̀ á tó bíi sẹ̀ǹtímítà 75. Ẹ̀gbọ́n ní 14 ni òun gé. Ẹ pín 75 sí 14, ó lé ní ìlọ́po márùn-ún. Rọ́bà ofeefee tí a fi oje igi nìkan ṣe lè fara da ìlọ́po márùn-ún. Tùúbù kò lè fara dà á. Fún tùúbù, ìlọ́po mẹ́ta ni mo máa ń fi sílẹ̀: 75 sí ọ̀nà mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà 25 nìyẹn. Ìwọ̀n yẹn jẹ́ láti ibi tí wọ́n dì í sí lórí igi dé ibi tí wọ́n dì í sí lára awọ. Èyí tó wọnú ìdì kò sí nínú ẹ̀, ẹ fi kún un nígbà tí ẹ bá ń gé e.

Èkejì, ẹ má ṣe gé e gbọọrọ bí ìgbànú. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ lápá orí igi, kó máa tín-ín-rín lọ sápá awọ. Bí àpẹẹrẹ, 2.5 lórí igi, 1.5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ. Rọ́bà fúnra rẹ̀ wúwo, òun náà sì gbọ́dọ̀ rìn. Bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ bá fúyẹ́, ọta ló máa jàǹfààní rẹ̀. Àmọ́ kò ní pẹ́ bíi ti gbọọrọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dára jù bẹ́ẹ̀, ẹ ra rọ́bà ofeefee tí àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ń fà. Kò sí tùúbù tó tó o.

Táyà_Àjàṣẹ́ (1:50 ọ̀sán)

Àbúrò Akẹ́kọ̀ọ́, ìṣirò yín dára, mo kí yín. Ṣùgbọ́n ti ofeefee yẹn, ẹ má tan àgbẹ̀. Nínú yàrá yín ní Calavi, ó dára. Ẹ gbé e sí oko, kí oòrùn pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí ahéré, ẹ wá wò ó: á máa lẹ̀ mọ́ra, á sì là. Tùúbù ní èédú dúdú nínú, èédú yẹn ló ń bá a gba oòrùn. Ẹni tó ń sùn lóko, tùúbù ni kó lò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Calavi (2:04 ọ̀sán)

Òótọ́ ni, mi ò ro ti oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ lo ofeefee kó fi páúdà ọmọdé ra á, kó dì í sínú agolo nílé, kó má fi í kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ọmọ_Ṣábẹ (4:22 ìrọ̀lẹ́)

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ ọ̀tún tí ọta ń yà sí. Àgbẹ̀, ẹ má pààrọ̀ ohunkóhun ná. Ẹ gbé páálí kan síwájú ògiri, ẹ fi aṣọ ògbólógbòó kọ́ sínú rẹ̀ bí kọ́tìnì. Aṣọ yẹn á gba ọta mú, á já sílẹ̀ nínú páálí, ẹ ó tún un lò. Ẹ dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹ ta mẹ́wàá, ẹ sàmì sí ibi tó bà.

Ẹ wá yí igi náà padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín, kí apá tó wà lọ́tùn-ún bọ́ sósì. Ẹ tún ta mẹ́wàá. Bí ọta bá ti wá ń yà sósì, ẹ̀bi rọ́bà tàbí igi ni. Bó bá ṣì ń yà sọ́tùn-ún, ọwọ́ yín ni, ẹ má fi igi sùn.

Ẹ má sì ta á síhà ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà.

Àgbẹ̀_Kétu (Ọjọ́rú, 8:10 alẹ́)

Ará Ṣábẹ, ẹ ò ní kú ní kékeré. Mo ṣe é lónìí lẹ́yìn tí mo ti oko dé. Mẹ́wàá àkọ́kọ́, mẹ́jọ yà sọ́tùn-ún. Mo yí i padà, méje yà sósì! Ọwọ́ mi jàre.

Mo tú okùn méjèèjì, mo fi rúlà wọ̀n wọ́n, 14 àti 14, wọn ò yàtọ̀. Ìyàwó mi ló ní kí n so wọ́n kọ́ sórí ìṣó kan náà kí n fi nǹkan tó wúwo fà wọ́n. Mo so ìgò omi mọ́ ìkínní, mo sàmì sí ibi tó sọ̀ dé. Mo so ìgò yẹn kan náà mọ́ èkejì, kò sọ̀ dé ibi àmì, ó ku bí ìka méjì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ ò mọ ohun tí mo rí? Ibi tí wọ́n ti lẹ tùúbù náà rí ni mo gé e lára rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ìlẹ̀ ti le síbẹ̀ bí èékánná, eruku sì bò ó, mi ò mọ̀.

Mo tún rí nǹkan mìíràn. Ìṣó gbígbóná ni mo fi lu ihò awọ. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà ti le, ó ti ń ya.

Káfíńtà_Ọ̀nà_Ìlárá (8:25 alẹ́)

Àwọ! Ìṣó gbígbóná ń jó awọ ni, ibi tó bá jó kì í nà mọ́, yíya ló kù. Ẹ tọ ẹni tó ń rán bàtà lọ, á fi òòlu bàtà lu u fún yín. Ẹ ká awọ náà sí méjì kí ó tó lu u, kí ihò méjèèjì lè jìnnà sí àárín bákan náà. Awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ ló sàn. Ahọ́n bàtà nípọn jù, ó ń wúwo lásán.

Bàbá_Ọlọ́dẹ (8:44 alẹ́)

Ìyàwó rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ, ọmọ mi. Fi ìgò yẹn wọ̀n gbogbo rọ́bà tó o bá gé láti òní lọ.

Ẹlẹ́pà_Àjàṣẹ́ (10:12 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bu omi tútù díẹ̀ sí i. Kò sí rọ́bà tó lè dúró lóko dípò yín. Ọjọ́ tí àgbàdo wà nínú ilẹ̀ títí tó fi yọ ewé méjì sí mẹ́ta ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń hú u jù. Èèyàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ẹ tún gbìn ín jinlẹ̀ díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 5, kì í ṣe èyí tí ẹ kàn fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbo erùpẹ̀ bò. Lékèélékèé tí ẹ bá rí nínú oko, ẹ má ta á o. Kòkòrò ló ń jẹ, kò fọwọ́ kan àgbàdo.

Bàbá_Ọlọ́dẹ (10:20 alẹ́)

Ta ní máa ń ta lékèélékèé?

Ẹlẹ́pà_Àjàṣẹ́ (10:23 alẹ́)

Bàbá, àwọn ọmọ àdúgbò wa ń ta á. Mo ti gba rọ́bà mẹ́rin lọ́wọ́ wọn lọ́dún yìí.

Àgbẹ̀_Kétu (Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 6:50 alẹ́)

Mo padà wá jíhìn. Igi ọsàn ṣì ń gbẹ níbòji pẹ̀lú àbẹ́là lórí, gúáfà àtijọ́ ni mo ṣì ń lò. Okùn tùúbù tuntun, 25 gẹ́gẹ́ bí Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wí, ìgò omi ti wọ̀n méjèèjì. Awọ ewúrẹ́ wá lọ́wọ́ ẹni tó ń rán bàtà, fráǹkì 200. Ọta amọ̀ ni, àwọn ọmọ mi ti jẹ àkàrà wọn. Mo ti ta lé ní ọgọ́rùn-ún, kò tíì já, àtàǹpàkò mi ti wálẹ̀. Nínú mẹ́wàá, mẹ́fà tàbí méje ń wọ páálí ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ní ti ọ̀kẹ́rẹ́, mi ò tíì bà á rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọta ti ń fọ́ pàù lára kùkùté lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí ọ̀pẹ ló ń jókòó sí, ó ń bú mi. Mo tún ibi tí wọ́n hú gbìn, ní 5 yẹn. Ewé ti yọ níbi tó pọ̀. Okùn kan ṣoṣo ló kù tí mo lè gé lára tùúbù yìí.

Táyà_Àjàṣẹ́ (7:05 alẹ́)

Mo ti fi ọ̀kan pamọ́ fún yín, èyí tó ń jò dáadáa. Ẹ rán ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí Ouando kó yà lọ́dọ̀ mi. Mo ti wò ó yí ká, kò ní ibi ìlẹ̀ kankan.